Ìdè àti ìbòrí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú

Ìdè àti ìbòrí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú ni àkójọpọ̀ àwọn irin, bóòtù, píìnì àti pánẹ́ẹ̀lì tí a fi ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀ òfurufú (bàálù), tí a sì fi ń dáàbò bò ó. Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀: ibi tí a yàn fún ẹ́ńjìnnì lára ọkọ̀, ìdè tó gbé e dúró níbẹ̀, àti ilé tí a kọ́ yí i ká. Iṣẹ́ méjì tó dà bí ẹni pé wọ́n tako ara wọn ni ìdè yìí ń ṣe. Ó gbọ́dọ̀ gbé ẹrù tó wúwo, tó ń gbóná, tó sì ń gbọ̀n, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún láìjá. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó tún gbọ́dọ̀ já ní ojú ibi tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti yàn ṣáájú, bí ọ̀ràn bá burú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ fa ìyẹ́ ọkọ̀ ya.

Ìtàn

Ní ọjọ́ 17 oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 1903, nígbà tí Orville àti Wilbur Wright fi ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì fò fún ìgbà àkọ́kọ́ nítòsí Kitty Hawk, ní ìpínlẹ̀ North Carolina lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, orí ìyẹ́ ìsàlẹ̀ ni wọ́n de ẹ́ńjìnnì náà mọ́. Awakọ̀ dùbúlẹ̀ sí òsì, ẹ́ńjìnnì sì wà ní ọ̀tún rẹ̀. Agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí agbára ẹṣin 12 lọ, ṣéènì bíi ti kẹ̀kẹ́ ni ó sì fi ń yí pùròpélà méjì tó wà lẹ́yìn ìyẹ́. Nítorí pé ẹ́ńjìnnì wúwo ju awakọ̀ lọ, wọ́n jẹ́ kí ìyẹ́ ọ̀tún gùn díẹ̀ ju ti òsì lọ, kí ọkọ̀ má baà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ yìí ni ibi tí ẹ́ńjìnnì wà ti ń pinnu bí ìyókù ọkọ̀ yóò ṣe rí.

Títí di ìparí ọdún 1920 sí 1929, ìta gbangba ni orí sìlíńdà ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì máa ń wà, kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí wọn kí wọ́n tutù. Ohun tí èyí ń fà ni pé afẹ́fẹ́ kan náà ń dí ọkọ̀ lọ́wọ́. Ní ọdún 1928, Fred Weick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Langley ti àjọ NACA, ní Amẹ́ríkà, ṣe ìbòrí roboto kan tó bo gbogbo ẹ́ńjìnnì náà, tó sì ń darí afẹ́fẹ́ gba àárín àwọn sìlíńdà. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń tutù, ṣùgbọ́n ìdíwọ́ afẹ́fẹ́ dín kù gidigidi. Nígbà tí wọ́n fi ìbòrí yìí sí ọkọ̀ Lockheed Air Express kan, eré rẹ̀ tó ga jù lọ kúrò ní máìlì 157 ní wákàtí kan, ó di 177, láìsí pé a fi agbára kún ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni NACA fi gba ẹ̀bùn Collier ti ọdún 1929.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì dé, ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn oníṣẹ́ tọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, de Havilland Comet, tó kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 27 oṣù Agẹmọ ọdún 1949, gbé ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ sínú ìdí ìyẹ́, níbi tí ìyẹ́ ti kan ara ọkọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ológun Boeing B-47, tó kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 17 oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 1947, gbé tirẹ̀ kọ́ sábẹ́ ìyẹ́. Ọ̀nà kejì yìí ni Boeing 707, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìkérò ní ọdún 1958, mú tàn kárí ayé. Ọ̀nà kẹta ti wá láti ilẹ̀ Faransé ṣáájú ìgbà náà: Caravelle, tó kọ́kọ́ fò ní ọdún 1955, gbé ẹ́ńjìnnì méjì sí ẹ̀gbẹ́ ìdí ọkọ̀, nítòsí ìrù.

Àwọn ibi tí ẹ́ńjìnnì máa ń wà

Abẹ́ ìyẹ́ ni ó wọ́pọ̀ jù lọ lára ọkọ̀ akérò ńlá. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà lófurufú, afẹ́fẹ́ ń gbé ìyẹ́ sókè. Ìwúwo ẹ́ńjìnnì tó rọ̀ mọ́ ọn sì ń fà á wálẹ̀, nítorí náà ìyẹ́ kì í tẹ̀ púpọ̀, a sì lè fi irin tó fúyẹ́ ṣe é. Bí a bá gbé ẹ́ńjìnnì síwájú ìyẹ́ díẹ̀, ó tún ń ṣèrànwọ́ láti dá ìgbọ̀nrìrì ìyẹ́ dúró nígbà eré sísá. Ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì ń tètè tó o nílẹ̀, bí ó bá sì gbiná, ó jìnnà díẹ̀ sí àwọn èrò. Àléébù rẹ̀ ni pé ó sún mọ́ ilẹ̀, ó lè fa òkúta wẹ́wẹ́ wọnú. Bí ọ̀kan bá sì kú, èyí tó kù á máa ti ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ̀gbẹ́ ìdí ọkọ̀ ni a sábà máa ń rí i lára ọkọ̀ kéékèèké, torí pé ìyẹ́ wọn kò ga tó láti gba ẹ́ńjìnnì sábẹ́. Ìyẹ́ tí kò ru ohunkóhun ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ariwo sì ń dín kù fún àwọn tó jókòó síwájú. Ṣùgbọ́n ìdí ọkọ̀ ń wúwo, epo gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà jíjìn láti inú ìyẹ́ dé ẹ̀yìn, a sì sábà máa ń ní láti gbé ìyẹ́ ìrù lọ sókè téńté. Vickers VC10, tí Nigeria Airways lò ní àwọn ọdún 1960, ní ẹ́ńjìnnì mẹ́rin sí ibẹ̀, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì.

Inú ìrù ni a ń fi ẹ́ńjìnnì kẹta sí nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́ta. Lára Boeing 727, afẹ́fẹ́ ń gba ihò tó wà lórí ọkọ̀, ó sì ń tẹ̀ kọrọ wá sísàlẹ̀ bí ọrùn ìgò tó wọ́. Lára DC-10, ihò náà lọ tààrà láàárín ìyẹ́ ìdúró ìrù.

Inú ìdí ìyẹ́, bíi ti Comet, kì í fa ìdíwọ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀. Ó nira láti tún un ṣe, iná sì lè tètè dé inú ìyẹ́. Ìdí mìíràn tí a fi pa á tì ni pé ẹ́ńjìnnì òde òní ti fẹ̀ jù. Fáànù GE90-115B, tó ń gbé Boeing 777 fò, fẹ̀ tó mítà 3.25, kò sí ìyẹ́ tí irú rẹ̀ lè wọ̀.

Orí ìyẹ́ ṣọ̀wọ́n. VFW 614 ti ilẹ̀ Jámánì àti HondaJet wà lára àwọn tó lo ọ̀nà yìí.

Ẹni tó bá dúró ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà lè fi ojú ara rẹ̀ rí ìyàtọ̀ wọ̀nyí: Boeing 737 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì lábẹ́ ìyẹ́, CRJ900 pẹ̀lú tirẹ̀ ní ìdí, àti ATR 72 tí pùròpélà rẹ̀ wà níwájú ìyẹ́ tó ga ju fèrèsé lọ.

Bí ìdè ṣe ń ṣiṣẹ́

Nínú ọkọ̀ kékeré oní-pùròpélà kan, bíi Cessna 172, férémù tí a fi páìpù irin jó pọ̀ ni ó gbé ẹ́ńjìnnì níwájú ọkọ̀. Bóòtù ni a fi de férémù yìí mọ́ ògiri adènà iná, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó pààlà sáàárín ẹ́ńjìnnì àti yàrá awakọ̀. Láàárín ẹ́ńjìnnì àti férémù ni a fi rọ́bà sí, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì ọkọ̀ ilẹ̀ ń pè ní síìtì ẹ́ńjìnnì, kí gbígbọ̀n má baà dé ara ọkọ̀.

Lára ọkọ̀ akérò jẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì kì í kan ìyẹ́ fúnra rẹ̀. Páílọ̀nù ni ó gbé e kọ́, ìyẹn apá líle tó yọ síwájú láti abẹ́ ìyẹ́. Inú páílọ̀nù dà bí àpótí gígùn tí a fi irin líle àti taitéńíọ́ọ̀mù ṣe. Páìpù epo, wáyà iná àti páìpù afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ìdè méjì ni ẹ́ńjìnnì fi rọ̀ mọ́ páílọ̀nù, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Páílọ̀nù náà sì tún ní àwọn ìdè tirẹ̀ tó so ó mọ́ ìyẹ́.

Ẹrù oríṣiríṣi ni àwọn ìdè wọ̀nyí ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́ ni ìwúwo: ẹ́ńjìnnì CFM56 ti Boeing 737 wúwo ju tọ́ọ̀nù 2 lọ, GE90-115B sì ju 8 lọ. Èkejì ni ipá tí ẹ́ńjìnnì fi ń ti ọkọ̀ síwájú. Ti GE90-115B tó ìwọ̀n tọ́ọ̀nù 52. Ẹ̀kẹta ni ìjì àti ìbàlẹ̀, tó ń sọ ìwúwo náà di ìlọ́po. Ẹ̀kẹrin ni ooru. Irin máa ń gùn sí i bí ó bá gbóná, nítorí náà a máa ń jẹ́ kí ọ̀kan nínú ìdè méjèèjì lè rìn síwá-sẹ́yìn díẹ̀. Bí méjèèjì bá há gírígírí, ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná yóò fa ara rẹ̀ ya.

Píìnì tó ń já

Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, píìnì kan wà nínú ìdè páílọ̀nù tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kí ó lè já bí ipá bá kọjá ààlà. Inú ìyẹ́ ni epo wà. Bí ẹ́ńjìnnì bá há lójijì nígbà tó ń yí lọ́nà eré, tàbí bí ọkọ̀ bá fi ikùn balẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì sì ń wọ́ nílẹ̀, ó sàn kí ẹ́ńjìnnì já lọ ju kí ó fa ìyẹ́ ya kí epo sì dà sórí iná. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé píìnì tí a ṣe láti já nígbà ewu kò gbọ́dọ̀ já ní ọjọ́ mìíràn. Ìpẹta tàbí àárẹ̀ irin, ìyẹn sísán tí irin máa ń sán díẹ̀díẹ̀ nítorí ẹrù tó ń wá tó sì ń lọ ní àìmọye ìgbà, lè sọ ọ́ di ohun tó já láìrotẹ́lẹ̀.

Ilé ẹ́ńjìnnì

Ilé ẹ́ńjìnnì ni ìbòrí roboto tí èrò ń rí láti fèrèsé. Ètè iwájú rẹ̀ ń gba afẹ́fẹ́ wọlé láìjẹ́ kí ó rú. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí a fà láti inú ẹ́ńjìnnì ni a sábà fi ń mú ètè náà gbóná kí yìnyín má baà dì sí i. Ara ògiri inú rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin, tó ń gbé ariwo mì. Ilẹ̀kùn méjì ló wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń ṣí sókè láti ṣiṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń dá afẹ́fẹ́ padà síwájú wà, èyí tó ń bá bíréèkì ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá balẹ̀. Bí ẹ̀rọ yìí bá ṣí lófurufú, ó lè mú ikú dání: ní ọjọ́ 26 oṣù Èbìbí ọdún 1991, ó ṣí lára Boeing 767 ti Lauda Air lókè ilẹ̀ Táílàndì, èèyàn 223 sì kú.

Ilé ẹ́ńjìnnì tún jẹ́ ibi ìsémọ́ iná. Irú ògiri adènà iná tí òfin béèrè gbọ́dọ̀ lè fara da ọwọ́ iná tó gbóná tó nǹkan bí 1,100 °C fún ìṣẹ́jú 15. Awakọ̀ lè dí epo, kí ó sì tú oògùn apaná sínú ilé náà láti ibi ìjókòó rẹ̀.

Yí fáànù ká ni òrùka líle kan wà, tí a fi irin tàbí òwú Kevlar ṣe, kí ewé fáànù má baà fò jáde bí ó bá ṣẹ́. Kí ẹ́ńjìnnì tuntun tó gba ìwé àṣẹ, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìdánwò hàn pé òrùka náà lè gba ewé tó ṣẹ́ mú. Ní ọjọ́ 17 oṣù Igbe ọdún 2018, ewé kan ṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì Boeing 737 ti Southwest Airlines ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ewé náà ni ó lu fèrèsé. Ègé ìbòrí ẹ́ńjìnnì tó fọ́ ni. Èrò kan kú. Láti ìgbà náà ni a ti ń fojú tuntun wo ìbòrí yìí nínú ìdánwò ààbò.

Àwọn ìjàm̀bá tó yí ìmọ̀ padà

Chicago, 1979

Ní ọjọ́ 25 oṣù Èbìbí ọdún 1979, bí DC-10 ti American Airlines, Flight 191, ṣe ń gbéra ní pápákọ̀ O'Hare, ẹ́ńjìnnì òsì àti páílọ̀nù rẹ̀ ya kúrò, wọ́n sì fò gba orí ìyẹ́ kọjá. Bí wọ́n ṣe ń lọ, wọ́n já páìpù háídírọ́líìkì. Apá iwájú ìyẹ́ òsì tí a nà síta fún ìgbéra padà sẹ́yìn, ìyẹ́ náà kò sì lè gbé ọkọ̀ mọ́. Gbogbo èèyàn 271 tó wà nínú ọkọ̀ kú, pẹ̀lú èèyàn 2 nílẹ̀.

Ìwádìí àjọ NTSB fi hàn pé ilé ìtọ́jú ọkọ̀ ni ìjàm̀bá náà ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú. Ìlànà ẹni tó ṣe ọkọ̀ ni pé kí a kọ́kọ́ tú ẹ́ńjìnnì kúrò lára páílọ̀nù, kí a tó tú páílọ̀nù kúrò lára ìyẹ́. Láti dín àkókò iṣẹ́ kù, wọ́n ń fi ọkọ̀ agbẹ́rù gbé méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ pọ̀. Bí ọkọ̀ agbẹ́rù náà bá yẹ̀ díẹ̀, irin ẹ̀yìn páílọ̀nù á kan ìdè rẹ̀ lára ìyẹ́, á sì sán. Wọ́n dá DC-10 dúró ní Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ bíi márùn-ún, wọ́n sì rí irin sísán bẹ́ẹ̀ lára àwọn ọkọ̀ mìíràn.

Ọkọ̀ mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́wàá

Láàárín ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 1991 sí ọjọ́ 4 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1992, ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta: ẹ́ńjìnnì kẹta, tó wà lápá ọ̀tún nítòsí ara ọkọ̀, já, ó sì gbá ẹ́ńjìnnì kẹrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bọ́.

Èkíní ni Boeing 747 ti China Airlines, nítòsí Taipei. Èèyàn 5 tó wà nínú rẹ̀ kú.

Ọkọ̀ Nàìjíríà ni èkejì. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1992, Boeing 707 ti Trans-Air, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 5N-MAS, ń ti Lúsẹ́mbọ̀gì bọ̀ wá sí Kano. Lókè ilẹ̀ Faransé, ní ibi tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 30,000 lọ, ó bọ́ sínú ìjì líle, ẹ́ńjìnnì ọ̀tún méjèèjì sì já bọ́. Àwọn awakọ̀ fi ẹ́ńjìnnì òsì méjì tó kù darí rẹ̀ lọ sí pápákọ̀ ológun ní Istres. Wọ́n gbé e balẹ̀ níbẹ̀ bí iná ṣe ń jó ìyẹ́ ọ̀tún. Gbogbo èèyàn 5 tó wà nínú rẹ̀ ni ó yè, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò ṣeé lò mọ́. Ìwádìí fi hàn pé àárẹ̀ irin ni ó sán ọ̀kan nínú àwọn ìdè páílọ̀nù ẹ́ńjìnnì kẹta.

Ẹ̀kẹta ni Boeing 747 ti El Al, Flight 1862, tó ń lọ sí Tel Aviv láti Amsterdam. Nígbà tí àwọn awakọ̀ ń gbìyànjú láti padà sí pápákọ̀, ọkọ̀ náà já lu ilé alájà púpọ̀ ní àdúgbò Bijlmermeer, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣí wá láti Suriname àti Gánà ń gbé. Èèyàn 43 kú, 39 nínú wọn sì wà nílẹ̀. Àárẹ̀ irin nínú píìnì páílọ̀nù ni ìwádìí tọ́ka sí. Lẹ́yìn èyí, Boeing tún páílọ̀nù 747 ṣe, wọ́n fi píìnì tí kì í pẹta rọ́pò èyí àtijọ́, wọ́n sì fi ìdè kún un kí ọ̀kan má baà jẹ́ ìrètí kan ṣoṣo.

Boeing 737 MAX

Nígbà tí Boeing 737 kọ́kọ́ fò ní ọdún 1967, ẹ́ńjìnnì tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ní, ìyẹ́ rẹ̀ sì sún mọ́ ilẹ̀. Nígbà tí CFM56 tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dé fún 737-300, wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ kéékèèké abẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì tẹ́ ìsàlẹ̀ ilé ẹ́ńjìnnì pẹrẹsẹ. Ìdí nìyẹn tí ilé náà kò fi rí roboto dáadáa. Fún 737 MAX, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tún fẹ̀ sí i, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì síwájú àti sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ipò tuntun yìí yí bí imú ọkọ̀ ṣe ń gbéra padà ní àwọn ìgbà kan, Boeing sì fi ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ MCAS sínú ọkọ̀ láti máa ti imú náà wálẹ̀. Ohun tí òǹkà kan ṣoṣo bá sọ ni ètò náà ń gbọ́. Nígbà tí òǹkà náà purọ́, ọkọ̀ Lion Air já ní Indonéṣíà ní ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2018, ti Ethiopian Airlines sì já nítòsí Addis Ababa ní ọjọ́ 10 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2019. Èèyàn 346 ni ó kú nínú méjèèjì. Lára àwọn tó kú nínú ọkọ̀ Ethiopian ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adésanmí, òǹkọ̀wé ọmọ Ìsánlú ní ìpínlẹ̀ Kogí, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Carleton ní Kánádà.

Ìtọ́jú àti àyẹ̀wò

Sísán tó ń mú kí ìdè já lè kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò ní rí i. Nítorí náà, àwọn olùtọ́jú ń lo ìró tó ga ju èyí tí etí ń gbọ́ lọ, iná mànàmáná tàbí ọ̀dà àkànṣe láti yẹ píìnì àti ìdè páílọ̀nù wò, ní àkókò tí a ti là kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye ìgbà tí ọkọ̀ ti gbéra. Bóòtù kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ipá tí a gbọ́dọ̀ fi dè é, ẹni tó dè é sì máa ń fọwọ́ sí ìwé.

Ìbòrí náà kò gbọ́dọ̀ di ohun àgbàgbé. Ní ọjọ́ 24 oṣù Èbìbí ọdún 2013, ilẹ̀kùn ìbòrí ẹ́ńjìnnì méjèèjì fò ya kúrò lára Airbus A319 ti British Airways bó ṣe ń gbéra ní Heathrow, torí pé a kò ti kọ́kọ́rọ́ wọn lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Ọ̀kan nínú wọn gún páìpù epo, iná sì sọ. Ọkọ̀ náà padà balẹ̀, gbogbo èrò sì jáde láàyè.

Ní Nàìjíríà, àjọ NCAA ni ó ń fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ìtọ́jú ọkọ̀ òfurufú ní ìwé àṣẹ. Nigerian College of Aviation Technology ní Zaria, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, wà lára àwọn ibi tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ náà.